Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Gúúsì Tí Ajá Gé Jẹ

Gúúsì, ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, kò wọ́pọ̀ láàrin wa bí adìẹ àti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sìn ín nínú ọgbà ilé mọ̀ pé ẹyẹ tó ní ọkàn ni. Ó máa ń dá ohùn ẹni tó ń bọ́ ọ mọ̀, ó máa ń kígbe tantan bí àjèjì bá sún mọ́ géètì, akọ àti abo tí wọ́n bá sì ti mọwọ́ ara wọn kì í fẹ́ kí ohunkóhun ya àwọn. Ìgboyà rẹ̀ yìí náà ló ń kó o sí wàhálà. Nígbà tí ajá bá fo ògiri wọlé, adìẹ yóò fò lọ sórí igi, ṣùgbọ́n gúúsì ilé tó wọn kílò 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè fò tó bẹ́ẹ̀, akọ inú wọn yóò sì na ọrùn, yóò ya apá sílẹ̀, yóò dojú kọ ajá náà kí àwọn yòókù lè sá. Ibẹ̀ ni ajá ti ń gbá a mú.

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí ilẹ̀ mọ́ bá tí ó rí i pé ajá, tàbí ẹtà ní àwọn ibi tí igbó kò jìnnà, ti wọ ọgbà òun ní òru, tí gúúsì rẹ̀ ṣì wà láàyè ṣùgbọ́n tí ẹ̀jẹ̀ ti bo ìyẹ́ rẹ̀, tí dókítà ẹranko kò sì sí ní tòsí. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹyẹ náà, ẹ fi èyí sọ́kàn: egbò ńlá tí ojú ń rí kọ́ ló sábà máa ń pa gúúsì tí ajá gé jẹ. Ìjayà ló ń pa á ní wákàtí díẹ̀ àkọ́kọ́. Ihò eyín tí kò ju orí ìṣáná lọ, tí ìyẹ́ bò mọ́lẹ̀, ló ń pa á ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Èmi fúnra mi ti pàdánù akọ kan lọ́nà yìí. Mo fọ egbò ńlá tó wà ní ìdí rẹ̀, mo dì í, ó jẹun ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú mi sì dùn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, mo bá a ní òkú. Ìgbà tí mo tú ìyẹ́ abẹ́ apá rẹ̀ ni mo tó rí ihò méjì tí n kò wá ní ọjọ́ àkọ́kọ́, tí ẹran abẹ́ wọn ti rà. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe fún un ni mo kọ sílẹ̀ yìí.

Ìjayà ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú

Ẹ lé ajá náà jáde, tàbí kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ bí ó bá jẹ́ tiyín, kí ẹ sì ní kí àwọn ọmọdé àti àwọn tó wá wòran sún sẹ́yìn. Bí ajá náà bá ti gé ènìyàn jẹ níbi tí a ti ń lé e, ọ̀rọ̀ ẹni náà ló ṣáájú ti gúúsì: kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, nítorí pé ajá dìgbòlugi ṣì wà ní ilẹ̀ wa, ẹni tí àmì àrùn náà bá sì ti yọ lára rẹ̀, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Ẹyẹ ní tirẹ̀ kì í sábà kó àrùn yìí, ṣùgbọ́n itọ́ ajá lè wà lára ìyẹ́ rẹ̀, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, pàápàá bí ọwọ́ yín bá ní ojú egbò.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ mú gúúsì náà, kí ẹ sì mú un láìsáré. Gúúsì tí ajá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, tí ènìyàn tún wá ń lé yíká ọgbà, lè kú mọ́ yín lọ́wọ́ láìjẹ́ pé egbò rẹ̀ pọ̀. Kí ẹni méjì rọra tì í sí igun ògiri pẹ̀lú aṣọ fífẹ̀ tàbí pátákó tí wọ́n dì mú níwájú wọn, kí ẹnì kan da aṣọ ìnura bò ó títí kan orí, kí ó pa apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ ọn lára, kí ó sì gbé e sí abẹ́ apá tirẹ̀ kí orí ẹyẹ náà máa wo ẹ̀yìn. Òkùnkùn abẹ́ aṣọ yẹn nìkan a máa pẹ̀tù sí ọkàn rẹ̀. A kì í fi apá tàbí ẹsẹ̀ gbé gúúsì, a kì í sì í fi ọrùn wọ́ ọ. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀: ẹyẹ kò ní iṣan tó pààlà láàrin àyà àti ikùn bí tiwa, bí ó bá ti ń gbé egungun àyà rẹ̀ síwá sẹ́yìn ni èémí rẹ̀ ń wọlé tó ń jáde. Bí ẹ bá fún àyà rẹ̀ mọ́ra, kò ní lè mí mọ́, bí ihò imú rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

Ẹ gbé e sí yàrá tó dákẹ́ tó sì ṣókùnkùn díẹ̀, nínú páálí ńlá tí ẹ tẹ́ aṣọ mímọ́ sí. Àwọn tó ń sin gúúsì ní ìlú òtútù máa ń tan iná ooru sí ẹyẹ tó bá fara pa. Ní ọ̀dọ̀ wa, ooru tó wà láàrin ìwọ̀n 27 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí ẹyẹ aláìsàn nílò, ti wà nínú yàrá ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ láìjẹ́ pé a tan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti pa á, tàbí bí ó bá jẹ́ àsìkò ọyẹ́, tí ẹ fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó tutù, tí inú ẹnu rẹ̀ sì funfun, ẹ fi aṣọ gbígbẹ fa omi ara rẹ̀, kí ẹ bu omi gbígbóná sínú ike, kí ẹ fi aṣọ wé ike náà, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan páálí kí ẹyẹ náà lè sún kúrò bí ó bá fẹ́. Bí ó bá la ẹnu tí ó ń mí hẹlẹ, tí ó gbé apá kúrò lára, ooru ti pọ̀ jù fún un.

Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan sí méjì. Ẹ má da omi sí i lẹ́nu, ẹ má fi oúnjẹ kì í lọ́fun. Omi tí a bá fipá rọ fún ẹyẹ tí kò lágbára láti gbé orí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ. Epo pupa tí a máa ń rọ fún ẹran tó jẹ májèlé kò ní iṣẹ́ kankan níhìn-ín.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà

Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nìkan ni kò lè dúró de ìsinmi yẹn. Ẹ ká gọ́ọ̀sì tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tàbí aṣọ funfun mímọ́, ní ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ fi tẹ ojú ibẹ̀ ṣinṣin fún ìṣẹ́jú 5 sí 10 láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì tún máa dà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ náà, ẹ fi òmíràn lé e lórí, ẹ má ṣí ti àkọ́kọ́. Gúúsì kílò 5 kò ní ju nǹkan bí ìdajì lítà ẹ̀jẹ̀ lọ nínú gbogbo ara rẹ̀, nítorí náà ohun tí kò tó nǹkan lójú ènìyàn lè jẹ́ ohun púpọ̀ fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lórí ìyẹ́ funfun náà a máa bani lẹ́rù ju bó ṣe rí lọ.

Ìyẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ní ẹ̀jẹ̀ nínú igi rẹ̀. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò máa kán láti inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ tí a tẹ̀ mọ́ ẹnu igi ìyẹ́ náà, tàbí mọ́ èékánná tó ya, lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n a kì í da ìyẹ̀fun kankan sínú egbò tó wà lára ẹran.

Wíwá ihò eyín

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sùúrù ṣe jù lọ nìyí. Nígbà tí ọkàn gúúsì náà bá ti balẹ̀, ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti tó, kí ẹnì kan dì í mú, kí ẹnì kejì sì yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ìdí. Ìyẹ́ gúúsì nípọn, òwú tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì lè mu ẹ̀jẹ̀ kékeré tán láìjẹ́ kí ó yọ síta. Ẹ fẹ́ ẹnu sí ìyẹ́ náà kí ó là, tàbí kí ẹ fi ìka tí ẹ ti tẹ̀ bọ omi yà á sọ́tọ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo awọ, kí ẹ sì máa fi ìka kejì tẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibì kan wú, bóyá ibì kan gbóná, tàbí bóyá ẹyẹ náà gbọ̀n nígbà tí ẹ kan ibẹ̀.

Ajá tó ń lé ẹyẹ, ẹ̀yìn ló ti ń gbá a mú. Ìdí, ẹ̀yìn, itan àti abẹ́ apá ni kí ẹ yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Eyín ajá kì í sì í wọlé ní ẹyọ kan: bí ẹ bá rí ihò kan, ẹ wá ìkejì rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì sí mẹ́ta sí i, lẹ́yìn náà kí ẹ yí ẹyẹ náà kí ẹ wá àwọn tí eyín ìsàlẹ̀ dá sí òdì kejì. Ihò tí ẹ rí kì í sọ bí ìbàjẹ́ ṣe tó, nítorí pé eyín a gún awọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ a sì fọ́ ẹran tó wà lábẹ́ rẹ̀, nígbà mìíràn ajá a tún gbọn ẹyẹ náà jìgìjìgì kí ó tó jù ú sílẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ibi tí ẹ bá ti rí ihò sórí ìwé, tàbí kí ẹ fi fóònù yà á. Ní ọjọ́ kẹta, ìwé yẹn ni yóò sọ fún yín bóyá ibì kan ń wú sí i.

Ẹ wo kókó òróró tó wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ ìrù, níbi tí gúúsì ti ń fi ẹnu mú òróró pa ìyẹ́ rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Bí eyín bá ti ba ibẹ̀ jẹ́, ẹyẹ náà lè pẹ́ kí ó tó tún lè wà lórí omi láìrin gbindin. Ẹ wo ihò ìdí bóyá ohun kan yọ síta. Ẹ la ẹnu rẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń ti ọ̀fun jáde.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ tún kù. Ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, awọ tí ajá fún yóò di àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì rò pé ẹran ti ń jẹrà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ara ẹyẹ ṣe máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kó sí abẹ́ awọ. Ẹran tó ń jẹrà a máa dúdú, a máa tutù, a sì máa rùn.

Fífọ egbò, àti ohun tí a kì í dà sí i

Ẹ se omi lítà kan kí ó hó, ẹ jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ po iyọ̀ ṣíbí tíì kan àti ààbọ̀ mọ́ ọn, ṣíbí tí a gé orí rẹ̀, èyí tó tó nǹkan bíi gíráàmù 9. Omi iyọ̀ yìí kì í ta ẹran lára bí omi lásán. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ìyẹ́ tó yí ẹnu egbò ká. Ẹ má fà á tu, nítorí pé awọ ẹyẹ fẹ́lẹ́, ó lè ya tẹ̀lé ìyẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi síríńjì mílílítà 20 tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu fín omi náà sí egbò títí tí iyẹ̀pẹ̀, ìyẹ́ àti ẹ̀jẹ̀ dídì yóò fi jáde, tí ohun tó ń ṣàn síta yóò sì mọ́ gaara. Omi púpọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ yìí, kì í ṣe oògùn líle. Bí ẹ bá ní áyódíìnì ti egbò, ẹ fi omi là á títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí tó sì fúyẹ́, kí ẹ fi ṣan ojú ibẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn.

Ẹ má ṣe fín omi sí egbò tó jìn ní ẹ̀yìn, ní ìhà tàbí níbi tí apá ti so mọ́ ara. Àpò afẹ́fẹ́ wà káàkiri inú ẹyẹ, wọ́n so pọ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, kódà egungun òkè apá ní ihò tó bá wọn tan. Omi tí a bá fín sí ibẹ̀ lè pa ẹyẹ náà bí ẹni tó rì sódò. Irú egbò bẹ́ẹ̀, nínù ni kí ẹ fi gọ́ọ̀sì tí a tẹ̀ bọ omi iyọ̀ nu ún, kí ẹ bò ó, kí ẹ sì wá dókítà.

Ní ti àwọn ohun tí a máa ń rí kí àwọn ènìyàn dà sí egbò ẹran, mo bẹ̀ yín, ẹ má dán wọn wò lára gúúsì. Kẹrosíìnì, ọ́ìlì mọ́tò tó ti dúdú, eérú àti ìyẹ̀fun inú bátìrì ń ba ẹran tó yè jẹ́. Izal àti Dettol ń jó o. Sípíríìtì ń ta á gidigidi láìmú ìwòsàn yá. Òrí àti àdí, tó dára fún awọ ènìyàn, a máa lẹ ìyẹ́ pọ̀, ẹyẹ náà kò sì ní lè dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ òjò mọ́. Oyin gidi tí wọn kò bu omi là ni mo lè fọwọ́ sí nínú ohun ilé: ẹ fi díẹ̀ pa gọ́ọ̀sì, kí ẹ fi bo egbò tó fẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́.

Ihò eyín kékeré kò gbọdọ̀ di dídì pa, a kì í sì í rán an. Ó nílò ẹnu tó ṣí kí ohun tó wà nínú lè máa ṣàn jáde. Bí ẹnu rẹ̀ bá san ṣáájú inú, ọyún ni yóò gbá jọ síbẹ̀. Awọ tó ya fẹ̀ ni dókítà lè rán, ó sì sàn kí ó jẹ́ ní ọjọ́ náà. Kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ da awọ náà padà sí ipò rẹ̀, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀sì tí omi iyọ̀ wà lára rẹ̀ bò ó kí ó má baà gbẹ. Awọ tó bá ti gbẹ ranti kò lè mú mọ́.

Afẹ́fẹ́ abẹ́ awọ

Nígbà mìíràn, ẹ ó rí i pé ọrùn tàbí ìhà gúúsì náà wú bí bàlúùnù, tí ó ń ró wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ tó jò láti inú àpò rẹ̀ ló kó sí abẹ́ awọ. Bí ẹyẹ náà bá ń mí dáadáa, tí wíwú náà kò sì pọ̀ sí i, ó lè fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ láàrin ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí ó bá ń la ẹnu mí, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tó ń hó bíi ọṣẹ ń ti ẹnu egbò jáde, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un nílé. Ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Apá, ẹsẹ̀ àti ọrùn

Apá tó ń wọ́ nílẹ̀ lè jẹ́ pé egungun rẹ̀ kán tàbí pé iṣan rẹ̀ fà. Ẹ ká a sí bí ó ṣe máa ń wà nígbà tí ẹyẹ náà bá sinmi, kí ẹ fi bándéèjì rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ wé e ní ọ̀nà tó kọjá ara wọn bí nọ́ńbà 8, kí ó di apá náà mọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ egungun òkè, tó sún mọ́ èjìká, ni ẹ ó tún fi òmíràn so ó mọ́ ara ẹyẹ, kí ìka yín méjì ṣì lè wọ abẹ́ rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mímí tí mo ti sọ. Egungun ẹyẹ máa ń yára mú, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣùgbọ́n apá tí a dì fún gbogbo àkókò yẹn láìtú lè gan pa, nítorí náà ẹ bi dókítà léèrè ìgbà tí ẹ ó máa tú u kí ẹ sì máa rọra nà án. Bí egungun bá yọ síta, ẹ fi gọ́ọ̀sì tútù bò ó, ẹ má tì í wọlé.

Ẹsẹ̀ le ju apá lọ, nítorí pé ara gúúsì wúwo, gbogbo ìwúwo náà yóò sì bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan tó kù. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí aṣọ tó nípọn fún un, kí ẹ máa yí i láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, nítorí pé jíjókòó sórí sìmẹ́ǹtì fún ọjọ́ mẹ́ta péré tó láti dá egbò mìíràn sí egungun àyà rẹ̀.

Ní ti ọrùn, ẹ wò ó nígbà tí ó bá kọ́kọ́ mu omi. Bí omi bá ń jò láti ibi egbò ọrùn, ọ̀nà oúnjẹ rẹ̀ ti lu, kò sì gbọdọ̀ jẹ tàbí mu ohunkóhun títí dókítà yóò fi rán an.

Oògùn

Ẹnu ajá kún fún kòkòrò àìfojúrí, ihò eyín sì ń gbìn wọ́n sí ìsàlẹ̀ ibi tí omi ìfọgbò kò lè dé. Ìdí nìyí tí gúúsì tí ajá gé jẹ fi nílò oògùn apakòkòrò ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kódà bí ó bá ń rìn kiri tó ń jẹ koríko. Dókítà ẹranko ni yóò yan irú rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn àti èyí tó wà ní FUNAAB, Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ní Abẹ́òkúta ni ibi tí àwọn dókítà ẹranko ti ń kọ́ṣẹ́, ẹni tó wà ní agbègbè wọn lè gbé ẹyẹ rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá jìnnà, ẹ pe dókítà tí ẹ mọ̀ lórí fóònù, kí ẹ fi àwòrán egbò ránṣẹ́, kí ẹ sì sọ ìwọ̀n ẹyẹ náà: ẹ gbé e dání, ẹ gun òṣùwọ̀n, lẹ́yìn náà kí ẹ gun un ní ẹ̀yin nìkan kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn náà, ẹ lò ó tán. Ẹ má jẹ ẹyin abo náà, ẹ má sì tà á, títí di ọjọ́ tí dókítà bá sọ pé oògùn ti kúrò lára rẹ̀.

Oògùn ìrora tiwa kọ́ ni tirẹ̀. Ẹ má lọ parasitámọ̀ tàbí ibuprofen fún un. Ní ti diclofenac, tí a ń rà ní gbogbo igun àdúgbò, òun ló pa ẹyẹ igún rẹpẹtẹ ní Íńdíà nígbà tí wọ́n jẹ òkú màlúù tí wọ́n ti lò ó fún, tí ìjọba ibẹ̀ fi fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ọ̀sìn ní ọdún 2006. Oògùn wà tí dókítà lè fi dín ìrora gúúsì kù láìséwu, ẹ sì béèrè fún un, nítorí pé ẹyẹ a máa fi ìrora pamọ́, ẹyẹ tí ara ń ro kì í sì í jẹun.

Eṣinṣin

Nínú ooru wa, eṣinṣin lè yé sí egbò ní wákàtí díẹ̀, ẹyin náà sì lè di ìdin kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn bo ibi tí ẹyẹ náà wà, ọ̀sán àti òru, kí ẹ sì máa kó ìgbẹ́ rẹ̀ kúrò léraléra. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó dì pọ̀ bí hóró ìrẹsì wẹ́wẹ́ lórí ìyẹ́, ẹyin eṣinṣin ni. Ẹ gé ìyẹ́ náà dànù. Bí ìdin bá ti wọlé, ẹ fi ẹ̀mú mú wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fín omi iyọ̀ tẹ̀lé e, kí ẹ sì padà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan kì í tó.

Oúnjẹ, omi àti ẹnìkejì rẹ̀

Nígbà tí ó bá ti lè gbé orí fúnra rẹ̀, ẹ gbé omi sí iwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ lè po ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, pẹ̀lú iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, mọ́ lítà omi mímọ́ kan, bí èyí tí a ń ṣe fún ọmọdé tó ń yàgbẹ́. Abọ́ náà gbọ́dọ̀ jìn tó kí ó lè ri gbogbo ẹnu àti ihò imú rẹ̀ bọ inú omi, nítorí bí ó ṣe ń fọ imú àti ojú rẹ̀ nìyẹn. Oúnjẹ tó dára jù fún un ni koríko tútù, ewé tẹ̀tẹ̀ tí a gé wẹ́wẹ́ àti oúnjẹ adìẹ tí a fi omi rẹ. Kò gbọdọ̀ jẹ búrẹ́dì, kò sí ohun tó fẹ́ fi í ṣe. Ìgbẹ́ tó kéré tó sì jẹ́ àwọ̀ ewé títàn fi hàn pé kò jẹun tó. Ẹ máa wọ̀n ọ́n ní àràárọ̀. Bí ó bá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n rẹ̀ rù, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ohun tí a máa ń gbàgbé ni pé gúúsì tí a yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀ nìkan a máa ṣọ̀fọ̀. Mo ti rí èyí tí egbò rẹ̀ ń san tí ó kọ̀ láti jẹun, tí ó ń ké láti òwúrọ̀, títí a fi gbé ẹnìkejì rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi wáyà pààlà sáàárín wọn, kí wọ́n lè máa rí ara wọn kí wọ́n sì máa gbóhùn ara wọn, ṣùgbọ́n kí ẹnìkejì má lè fi ẹnu ṣá egbò náà. Láti alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti ríra ni oúnjẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Kí ó tó padà sí ọgbà

Kò gbọdọ̀ wọ inú omi títí gbogbo ojú egbò yóò fi pa dé. Ìyẹ́ tí ajá fà tu pátápátá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hù padà láàrin ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ́ tí igi rẹ̀ ṣì wà nínú awọ yóò dúró títí di àsìkò tí gúúsì máa ń pààrọ̀ ìyẹ́, tí í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ má fà á yọ kí ó lè yá; ó ń ta á, ó sì lè ba ojú ibi tí ìyẹ́ ti ń hù jẹ́.

Ajá tó bá ti mọ ọ̀nà yóò padà wá, nígbà mìíràn ní òru kejì. Nítorí náà, kí egbò tó san ni kí ẹ ti tún ibùsùn wọn ṣe. Wáyà adìẹ tó fẹ́lẹ́ lè sé gúúsì mọ́, ṣùgbọ́n ajá ńlá a máa fi eyín ya á. Wáyà tí wọ́n jó pọ̀ tó nípọn ni kí ẹ lò, kí ẹ tẹ́ díẹ̀ lára rẹ̀ sílẹ̀ yíká lóde kí ajá má baà gbẹ́ ilẹ̀ wọlé, kí ẹ bò ó lórí, kí ẹ sì máa tì wọ́n mọ́ ibẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.